Ọṣẹ Inú Èèpo Ẹ̀gẹ́

Mọ́ńdè, 9 Jánúárì 1984

Ìwé méjì ni Dókítà fún mi lónìí. Ọ̀kan wà fún ìgò: ohun tí ojú mi bá rí nínú ìgò ni kí n kọ síbẹ̀, kí n má fi ata kún un, kí n má fi iyọ̀ kún un. Wọ́n ní, "Àṣírù, mo ti mọ̀ ẹ́. Má pa irọ́ sínú ìwé yẹn o." Ìkejì, wọ́n ní kí n máa fi kọ́ ọwọ́, torí ìkọ̀wé mi dà bí ilẹ̀ tí adìẹ tàn. Èyí ni ìkejì. Ata àti iyọ̀ wà níbí yìí, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lọ bu omi mu.

Èmi Àṣírù ọmọ Ìmọ̀wò. Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè mi ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ni wọ́n ní kò sí tí mi ò wá rí? Táyà ni? Mílíìkì inú agolo ni? Kẹrosíìnì tí àwọn èèyàn ń tò fún láti àárọ̀, ọwọ́ mi ló ń bá wọn dé ilé. Ìdí nìyẹn tí Dókítà Mosúnmọ́lá fi ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá èèpo ẹ̀gẹ́ àpò mẹ́wàá. Mo rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sìn.

Wọ́n ní, "Ọṣẹ ni mo fẹ́ kó ṣe fún mi."

Mo wò wọ́n láti òkè délẹ̀. Obìnrin tó kàwé lọ sí òkè òkun débi tí ìwé parí sí! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló fẹ́ ṣe é? Èèpo ni àbí ẹ̀yin?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, ẹbí yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Tó bá jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo pupa, á su nǹkan kan tó ń ṣe bí ọṣẹ. Kì í ṣe ọṣẹ gan-an o, wọ́n ní ohun tó ń mú kí omi àti epo gbà láti bá ara wọn ṣe ni. Èmi ń pè é ní ọṣẹ. Ẹni tó bá ní nǹkan míì tó fẹ́ pè é kó lọ kọ ìwé tiẹ̀.

Ilé bàbá wọn ní Mọ̀lípa la ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó gbà wọ́n síṣẹ́ ti sọ yàrá tí wọ́n ṣèlérí fún wọn di ibi ìkó-àga-sí. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, Lọ́yà Frederick tó wà ní Èkó, sì ti bá wọn rí iṣẹ́ ní Saudi. Mọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Máàṣì, mọ́tò máa wá gbé wọn lọ sí ẹ́ḿbásì. Tí ọṣẹ bá ti jáde kó tó dìgbà yẹn, wọn ò lọ mọ́. Tí kò bá jáde, ó dàbọ̀ nìyẹn, èmi náà á padà sídìí táyà.

Ọṣẹ máa jáde. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Tọ́sìdeè, 12 Jánúárì

Ọyẹ́ mú débi pé ètè mi là. Èèpo dé, àpò mọ́kànlá. Mo fi ọ̀kan ṣe ènì.

Túsìdeè, 17 Jánúárì

Kòkòrò tí Dókítà kó bọ̀ láti òkè òkun ti kú sí Àpápá, inú ooru ni wọ́n fi àpótí náà sí fún oṣù méjì. Wọ́n ní a máa wá ti ilé. Ìwá-nǹkan tún dé! Iṣẹ́ mi kúkú ni.

Mo gbé kẹ̀kẹ́. Mo bu ògùrọ̀ ní Ìbefún (mo mu díẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́). Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo, mo bu ilẹ̀ dúdú tó ń rùn lẹ́bàá kòtò. Mo mú òroǹbó tó ti jẹrà lọ́jà. Mo wá yà lọ́dọ̀ Ìyá Mùínátù ní Odògbólú, àwọn ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni èèpo wa ti ń wá. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ṣíbí ha ìdọ̀tí abẹ́ ẹ̀rọ sínú ìgò.

Ìyá Mùínátù ní, "Àṣírù, kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Kòkòrò ni, mà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kòkòrò wà nídìí ẹ̀rọ mi?"

"Ó wà mà, àwọn tó dáa ni. Ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe."

Wọ́n yíjú sáwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́, orúkọ ìyá mi ni wọ́n fi pè mí. "Ẹ wá wo ọmọ Rábì o. Nígbà tó ń ta táyà, orí ẹ̀ pé."

Gbogbo wọn fi mí ṣẹ̀rín. Mo bá wọn rín in. Lọ́jọ́ tí ọṣẹ bá jáde, màá tà á fún wọn lọ́wọ̀n-ọ́n.

Ibi méjìlá ni mo ti bu nǹkan wá. Dókítà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà.

Tọ́sìdeè, 26 Jánúárì

MO RÍ WỌN!

Dókítà ní ẹ̀rọ kan tí èèyàn ń fi ojú kan wo inú ẹ̀. Wọ́n ní kí n wò. Mo wò, ìpéǹpéjú ara mi ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n yí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bisimilá! Wọ́n pọ̀ bí èrò Yídì, roboto-roboto bí ẹyin. Ọ̀kan ní kókó léjìká. Mo ní, "Mà, ara èyí ò yá." Dókítà ní ara ẹ̀ yá, ó ń bímọ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bí: ọmọ á hù lára ìyá, á tóbi, á já, á máa bá tiẹ̀ lọ. Kò sí ìkómọ, kò sí owó ilé-ìwé. Ayé wọn dáa.

Mo délé, mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Èèyàn ń fi ìgbálẹ̀ lé kòkòrò, ìwọ ń sìn ín." Wọ́n wá ní kí n lọ wẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ìkọ́kọrẹ́ àwọn.

Wẹ́sìdeè, 1 Fẹ́búárì

Ọṣẹ ìfọṣọ ti di náírà méjì ní Òkè-Àjẹ́, wọ́n tún gé orí ẹ̀ kúrò. Omo ìfọṣọ tí wọ́n ń pín, obìnrin méjì ja àjàfaṣọya nítorí ẹ̀. Mo dúró, mò ń wò wọ́n, mo ń sọ nínú mi pé, ẹ rọra, Àṣírù ń bọ̀.

Sátidé, 4 Fẹ́búárì

Lónìí, èmi ni mo kọ́ Dókítà níwèé. Kí ẹnikẹ́ni má jiyàn.

Kòkòrò ò jẹ omi èèpo tí a sè fún wọn. Ọjọ́ mẹ́ta, ìgò ò yí padà. Dókítà ní ẹ̀gẹ́ náà dà bí okùn gígùn lójú wọn, ṣúgà ni wọ́n ń jẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gé okùn yẹn kéékèèké kó tó di ṣúgà. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi gé e ti bàjẹ́ pẹ̀lú ẹrù Àpápá. Wọ́n jókòó sórí àpò èèpo, wọ́n fọwọ́ lérán.

Mo ní, "Mà, ẹ dákun, àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, báwo ni tiwọn ṣe ń dùn?"

"Kí lo ní?"

"Àgbàdo tí wọ́n jẹ́ kó hù ni wọ́n ń lò. Kó tó hù, kò dùn. Tó bá hù tán, adùn dé. Àbí òun kọ́ ló ń gé okùn yín?"

Dókítà dìde. Wọ́n lu iwájú orí ara wọn pẹ́ẹ́. "Mosúnmọ́lá! Ìwé tí o kà dà?" Wọ́n ní kí n sáré lọ ra àgbàdo. Mi ò sáré o. Mo rìn bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Fúráìdeè, 10 Fẹ́búárì

Wọ́n jẹ ẹ́! A lọ àgbàdo tó hù mọ́ omi èèpo, a jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́rọ́ títí ó fi dùn, a bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo sí i. Ìgò ń hó bíi pé wọ́n ń ṣe ìpàdé níbẹ̀. Mo kí Jímọ́ọ̀ tán, mi ò dúró gbọ́ wáàsí, mo sáré padà wá wò wọ́n.

Túsìdeè, 14 Fẹ́búárì

Bí a ṣe ń dán an wò rèé. Bu omi sínú abọ́ fífẹ̀. Kán epo lé e, epo á tẹ́ bẹẹrẹ lójú omi. Wá kán ẹyọ kan látinú ìgò sí àárín epo. Tí kòkòrò bá ti ṣe ọṣẹ, epo á sá. Á sá sẹ́yìn bí èrò ṣe ń sá tí sójà bá yọ, àárín á mọ́ kedere, a ó wá fi rúlà wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Tí kò bá sí ọṣẹ, epo ò ní mira.

A dán méjèèjìlá wò. Epo ò mira.

Wẹ́sìdeè, 15 Fẹ́búárì

Dókítà ní ó yá, a máa tún wọn ṣe. Wọ́n gbé gílóòbù gígùn kan jáde látinú páálí, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ dà bí omi aró. Wọ́n ní kí n má wò ó lójú, ó ń fọ́jú. Wọ́n tẹ́ kòkòrò sábẹ́ ẹ̀, wọ́n ń ka aago. Wọ́n ní iná yìí máa pa èyí tó pọ̀ jù. Inú àwọn tó bá ṣẹ́kù á ti yí padà, èyí tó bá yí padà sí bí a ṣe fẹ́ la máa mú.

Mo ní, "Bí àwọn sójà ṣe ń ṣe ọmọ tuntun nìyẹn mà. Tó ò bá kú, o di akọni."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Àṣírù."

Láti òní lọ, ọwọ́ mi ni gbogbo ìgò wà, torí Dókítà ò kúrò nídìí iná yẹn. Wọ́n ní, "Kó o tó bu nǹkan sí wọn, kí o ṣan wọ́n dáadáa. Omi gbígbóná ni kí o fi ṣan wọ́n." Mo ní kò sí wàhálà.

Sátidé, 18 Fẹ́búárì

Lọ́yà Frederick dé láti Èkó, pẹ̀lú kóòtù nínú ooru yìí. Wọ́n fi aṣọ ìnujú bo imú, wọ́n wo àpò èèpo, wọ́n wò mí, bíi pé ara àpò ni mo wà.

"Mosún, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ń kọ́lé láti Saudi. Ìwọ ń bá ọmọ gárèéjì se èèpo."

Dókítà ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ gárèéjì yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀ ṣúgà."

"Títí ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n Máàṣì. Ìlérí tí o ṣe fún mi nìyẹn."

"Mi ò gbàgbé, sà."

Nígbà tí wọ́n ń jáde, mo ní, "Ẹ kú ìrìn àjò, sà. Kí ẹ sọ fún wa tí aṣọ yín bá dọ̀tí, a máa bá yín fọ̀ ọ́." Dókítà fi ẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì. Ìgbá yẹn ò dùn mí.

Wẹ́sìdeè, 29 Fẹ́búárì

Oṣù yìí ní ọjọ́ kan ju bó ṣe yẹ lọ, ṣé ẹ rí i, ọjọ́ tèmi ni wọ́n fi kún un!

EPO SÁ! Ìgò kìíní, epo sá. Ìkejì, epo sá. Dókítà bọ bàtà sílẹ̀. Ìkẹta, ìkẹrin, títí dé ìkejìlá, epo ń sá, ọ̀kan ò dúró! Ni Dókítà bá figbe ta. Mo gbé àpò èèpo kan lérí, mo ń jó yípo ilé. Wọ́n ní, "Àṣírù, gbogbo méjèèjìlá? Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí." Mo ní, "Mà, àwọn tí ẹ bá ṣe é lókè òkun ò ní Àṣírù."

Wọ́n lọ sí ilé pósítọ́fíìsì lọ́gán, wọ́n tẹ Lọ́yà láago pé àwọn ò lọ Saudi mọ́. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí n dán ìgò kẹtàlá wò lọ́la kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹtàlá ò ní kòkòrò kankan, ẹlẹ́rìí lásán ni: tí epo ò bá sá níbẹ̀, a mọ̀ pé kòkòrò ló ṣe ọṣẹ inú àwọn tó kù.

Tọ́sìdeè, 1 Máàṣì

Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ kọ.

Fúráìdeè, 2 Máàṣì

Ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ ọ́ síbí, ibo ni màá kọ ọ́ sí?

Mo dán ìgò kẹtàlá wò lánàá. Kò sí kòkòrò nínú ẹ̀. Omi èèpo lásán ni. Mo kán an sínú epo.

Epo sá.

Mo tún un kán. Epo tún sá, ó tún sá ju tàwọn yòókù lọ. Mo jókòó sílẹ̀. Ta ló ṣe ọṣẹ sínú ìgò tí kò sí ọlọ́ṣẹ níbẹ̀?

Èmi ni.

Dókítà ní kí n ṣan ìgò. Ìyá mi ló bí mi, nílé wa, ọmọ tó bá ṣan abọ́ láìfọ̀ ọ́, ọ̀lẹ ni. Tí wọ́n bá ní kí n ṣan nǹkan, mo máa ń fọ̀ ọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n kọ́ mi. Ọṣẹ dúdú ni mo fi fọ gbogbo ìgò yẹn, mo fi kànrìnkàn ha inú wọn, mo tún ń yangàn pé ẹ wò ó bó ṣe ń dán. A ń wá ọṣẹ nínú ìgò, ọṣẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Nínú ìwé ìgò, mo kọ ọ́ pé: Ìgò 13, epo ò sá.

Sọ́ńdè, 4 Máàṣì

Dókítà ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé, wọ́n ń kọrin. Wọ́n fún mi ní ìrẹsì àti ẹran méjì. Mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Èmi!

Kò sí ẹni tó mọ̀. Tí mo bá dákẹ́, wọn ò lọ Saudi, èmi náà ò padà sídìí táyà. Mo ti ta táyà tó ti fọ́ fún èèyàn rí, mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Kí ló wá ń ṣe mí?

Mọ́ńdè, 5 Máàṣì

Mo sọ ọ́.

Dókítà ń kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga pé àwọn ti rí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Mà, mo pa irọ́ sínú ìwé ìgò."

Wọn ò gbójú sókè. "Irọ́ wo?"

"Ìgò kẹtàlá. Epo sá."

Bírò dúró.

"Àṣírù, kí ni mo ní kí o ṣe sí àwọn ìgò yẹn?"

"Ẹ ní kí n ṣan wọ́n."

"Kí lo ṣe sí wọn?"

"Mo fọ̀ wọ́n."

"Kí lo fi fọ̀ wọ́n?"

Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí ọṣẹ dúdú tó wà nínú igbá lórí fèrèsé.

Wọ́n wo ọṣẹ náà títí. Wọ́n wo lẹ́tà, wọ́n ya á sí méjì, wọ́n tò ó lé ara wọn dáadáa bí ẹni ń ká aṣọ. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Wọ́n ní, "Ọjọ́ mélòó lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́rin, mà."

"Ọjọ́ mẹ́rin." Wọ́n mú báàgì. "Mò ń lọ tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago pé kí mọ́tò máa bọ̀. Máa lọ sílé."

Túsìdeè, 6 Máàṣì

Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀, mo ní tí wọ́n bá lé mi, màá jókòó sí gọ́tà títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, ìkòkò omi ńlá lórí iná, ìgò mẹ́tàlá ń hó nínú ẹ̀.

Wọn ò wẹ̀yìn. "O pẹ́."

"Ẹ má bínú, mà."

"Àwọn tó yè lábẹ́ iná ṣì wà nínú fíríìjì, ọṣẹ ẹ ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọjọ́ ogún ló kù. Ìwọ ṣan." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Àṣírù, kí ni ṣíṣan?"

"Omi gbígbóná, mà. Ẹ̀ẹ̀meje. Tí ọṣẹ bá wà nítòsí, kí n sá fún un bí ẹni rí ejò."

Ojú wọn ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu wọn ló rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé ọṣẹ dúdú náà lọ fún ìyá mi.

Túsìdeè, 13 Máàṣì

Ìgò kẹtàlá la kọ́kọ́ dán wò. Epo ò sá. Alhamdulilahi.

Mọ́kànlá, epo ò sá. Wáyìí o, nọ́ńbà méje, ti ilẹ̀ dúdú Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, epo yẹ̀ díẹ̀. Ìwọ̀n èékánná ìka kékeré. Èékánná! Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló fọ èékánná yẹn síbẹ̀. Dókítà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní, "Ìwọ̀n yìí ò lè dá mi dúró nílé, Àṣírù, ṣùgbọ́n òótọ́ ni."

Wẹ́sìdeè, 14 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nọ́ńbà méje tún wọ abẹ́ iná. Dókítà ní nínú ẹgbẹ̀rún, bóyá mẹ́wàá á yè. Mo ṣe àdúà fún wọn. Mi ò rò ó rí pé ojoojúmọ́ ni màá máa ṣe àdúà fún kòkòrò.

Sátidé, 17 Máàṣì

Mẹ́sàn-án yè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bímọ títí ó fi di kókó tí ojú lè rí. Ọ̀kan nínú wọn ń tàn yàtọ̀ nínú abọ́, bíi pé ó fi òróró para. Dókítà fi orí abẹ́rẹ́ mú un.

Mọ́ńdè, 19 Máàṣì

A gbé e sínú ìgò ńlá. Ọjọ́ méje ló máa lò, ìyẹn ni pé àárọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò ń bọ̀ gan-an la máa ṣí i. Kò sí ọjọ́ kankan láti fi ṣe àṣìṣe.

Wàhálà kan ló wà. Dókítà ní kòkòrò ń fẹ́ afẹ́fẹ́, àfi kí a máa mi ìgò, ẹ̀rọ tó ń mi ìgò sì wà ní òkè òkun, kò sí níbí. Mo mi ìgò fún wákàtí kan, apá mi fẹ́ já. Ni mo bá rántí maṣín ìránṣọ àtijọ́ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ti ìyá wọn tó ti kú, ẹlẹ́sẹ̀. Mo tú orí ẹ̀, mo de ìgò méjèèjì mọ́ pátákó ìtẹ̀sẹ̀, keje àti kẹtàlá, mo jókòó, mo ń tẹ̀ ẹ́. Kíkì-kàkà, kíkì-kàkà! Ìgò ń jó!

Dókítà dúró, wọ́n ń wo maṣín náà. Wọ́n ní, "Orí ẹ̀ ni ìyá mi ti rán yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé mi." Mo ní ṣé kí n tú u. Wọ́n ní, "Dìde níbẹ̀, kí èmi náà tẹ̀ ẹ́ wò."

Tọ́sìdeè, 22 Máàṣì

À ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Ẹsẹ̀ mi ti di ti eléré bọ́ọ̀lù. Ìyá Mùínátù wá láti Odògbólú, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo ń rán aṣọ fún kòkòrò.

"Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéyàwó ni, mà."

Wọ́n rín ẹ̀rín títí, wọ́n wá jókòó, wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Sọ́ńdè, 25 Máàṣì

Báàgì Dókítà ti wà ní pálọ̀, pásípọ́ọ̀tù wà lórí ẹ̀. Mi ò fẹ́ wo apá ibẹ̀. Nǹkan kan ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò keje, ó ní àwọ̀ oyin. Dókítà ní kí n má sọ ohun tí mo rò. Mo gbìyànjú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mọ́ńdè, 26 Máàṣì

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí ata, kò sí iyọ̀.

Agogo méje kọjá díẹ̀, mo bá Dókítà pẹ̀lú aṣọ ìrìn àjò lọ́rùn, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú abọ́ méjì lórí ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀kẹtàlá ná." Mo kán an. Epo ò mira. A dúró. Epo ò mira rárá.

Fèrè mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í dún níta. Pííí! Dẹ́rẹ́bà Lọ́yà ti dé.

"Ìkeje," Dókítà ní. Wọ́n fún mi ní ohun tí a fi ń kán an. Mo ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ kán an, mà." Wọ́n ní, "Ìwọ lo bu ilẹ̀ yẹn wá."

Mo kán ẹyọ kan.

Mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Epo ò rọra sá. Ó já! Ó sá láti àárín dé etí abọ́, ó rọ̀ mọ́ etí abọ́ bíi pé ó fẹ́ gun òkè jáde. Gbogbo ojú omi mọ́ bíi díńgí. Mo rí ojú Dókítà nínú ẹ̀. Wọn ò figbe ta bíi tọjọ́ yẹn. Wọ́n mú rúlà, gbogbo abọ́ ló ti mọ́, kò sí ohun tí wọ́n máa wọ̀n, wọ́n gbé e sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni epo já.

Pííí! Pííííí!

Dẹ́rẹ́bà wọlé fúnra ẹ̀. Gilbert lorúkọ ẹ̀, ó sanra, inú ń bí i, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì dúdú kirikiri dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní táyà bẹ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú, jáàkì já, ọwọ́ lòun fi tú gbogbo ẹ̀, bẹntiróòlù tí òun fi nù ún ò ran nǹkan kan. "Ẹ káàárọ̀, mà. Lọ́yà ní aago mẹ́wàá kò gbọdọ̀ lù ká má tíì dé ẹ́ḿbásì o. Ṣé báàgì nìyí?"

Dókítà ò wo báàgì. Ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wò ó bí ẹni rí wúrà.

"Mú ọwọ́ ẹ wá."

"Kí ló ṣe ọwọ́ mi, mà?"

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ mú un wá. Kò ní bù yín jẹ."

Dókítà da omi ìkeje yìí sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, wọ́n bu nǹkan bí oyin yẹn díẹ̀ lé e, wọ́n ní kó fi ìka pa á láàárín ara wọn. Gilbert ń pa á, ó ń wo ògiri bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Fóòmù ò pọ̀. Ṣùgbọ́n gíríìsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ń ṣàn lọ sínú abọ́, dúdú, dúdú, dúdú. Mo bu omi lásán sí i. Àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà yọ jáde, pupa fẹ́ẹ́, pẹ̀lú gbogbo ìlà ẹ̀.

Ó yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn. Ó gbóòórùn ẹ̀.

"Ọṣẹ wo rèé?"

Mo ní, "Èèpo ẹ̀gẹ́ ni."

"Má bú mi o, ìwọ ọmọ yìí."

"Wọ́láyì, èèpo ẹ̀gẹ́ Odògbólú ni, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló se é."

Gilbert na ọwọ́ òsì ẹ̀ tó ṣì dúdú. Ohùn ẹ̀ ti rọ̀. "Mà, ẹ dákun, ẹ bá mi fi sí ìkejì, ká tètè máa lọ."

Dókítà ní, "Àwa kọ́. Ìwọ nìkan lò ń padà."

"Háà! Mà! Kí ni màá sọ fún Lọ́yà?"

"Má sọ nǹkan kan fún wọn." Dókítà bọ bàtà ìrìn àjò sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣín ìyá wọn. "Má fọ ọwọ́ òsì yẹn. Tí o bá dé Èkó, gbé méjèèjì sókè fún ẹ̀gbọ́n mi."